Bí A Ṣe Ń Fi Windows Sórí Laptop Tí A Ti Fọ́máàtì

Tí ẹ bá ti fọ́máàtì díìsìkì laptop yín, tí ẹ wá tàn án, tí kò kọ nǹkan mìíràn ju "Boot Device Not Found" lọ, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà. Kò bàjẹ́. Windows ló ń wá tí kò rí, torí pé òun náà ti bá àwọn fáìlì yín lọ. Ẹ lè fi òmíràn sí i fúnra yín. (Mac ní ọ̀nà tirẹ̀, Windows nìkan là ń sọ níbí.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀. Àwọn kan lè ní kí ẹ ra key (nọ́ńbà àṣẹ Windows) kí Windows tuntun náà tó ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ ti ní ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Láti ayé Windows 8 ní 2012 ni àwọn tó ń ṣe laptop ti ń fi key sínú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ gan-an. Bí ẹ nu díìsìkì nígbà ọgọ́rùn-ún, kò dé ibẹ̀. Bí Windows 10 tàbí 11 tó ní àṣẹ bá sì ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn rí, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Microsoft, yóò dá a mọ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Tokunbo tí ẹ rà ní Computer Village n'Íkẹjà kò yọ sílẹ̀. Ní ti Windows "cracked" (èyí tí kò ní àṣẹ tòótọ́) tí wọ́n ń fi fláàṣì pín kiri, èmi ò ní fi í sórí ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣí àkáǹtì báǹkì.

Kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní Windows ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ tàbí ti káfè, pẹ̀lú fláàṣì tí kò kéré sí 8GB. Ẹ kó ohun tó wà lórí fláàṣì náà kúrò, torí gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ẹ lọ sí microsoft.com/software-download, ẹ mú Windows 11, kí ẹ dáùnlóòdù Media Creation Tool. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ mú "USB flash drive", kí ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Dátà tó máa jẹ tó 4GB sí 6GB, nítorí náà ẹni tó bá ní dátà òru, kó dúró dòru.

Windows 11 kì í fẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní TPM 2.0 (ohun ààbò inú ẹ̀rọ), bẹ́ẹ̀ ni Intel (ọpọlọ ẹ̀rọ) tí kò tó ìran kẹjọ kò sí lára àwọn tó gbà. Windows 10 ṣì wà fún irú wọn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Kí ẹ tó dìde nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ rántí driver Wi-Fi (driver ni ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ). Windows 11 máa ń bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó jẹ́ kí ẹ parí iṣẹ́, ó sì lè má mọ Wi-Fi laptop yín rárá. Ẹ lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ mú driver Wi-Fi àti ti Intel Rapid Storage (èyí tó ń jẹ́ kí Windows rí díìsìkì), kí ẹ kó wọn sí fólídà kan lórí fláàṣì náà. Bí ẹ ò bá rí ti Wi-Fi, ẹ fi okùn so fóònù Android mọ́ laptop, kí ẹ tan "USB tethering". Windows sábà máa ń mọ ìyẹn láìsí driver.

Ó di orí laptop. Ẹ so ṣájà mọ́ ọn, kí bátìrì sì ti kún, torí a ò mọ ìgbà tí NEPA máa mú iná lọ. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì léraléra bó ṣe ń tàn: F12 fún Dell àti Lenovo, F9 fún HP, Esc fún Asus. Nínú àtòjọ tó máa jáde, ẹ mú fláàṣì yín.

Ẹ yan èdè àti kíbọ́ọ̀dù. Tí àmì £ bá wà lórí 3, Ìlú Ọba ni kíbọ́ọ̀dù yín ti wá. Ẹ mú "United Kingdom", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó tẹ @, ohun mìíràn ni yóò jáde. Níbi tó ti bèèrè key, ẹ tẹ "I don't have a product key". Tó bá ní kí ẹ yan irú Windows, Home tàbí Pro, èyí tó wà lórí laptop yín tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ̀rọ tó ní àṣẹ Home kò ní àṣẹ Pro.

Ibi díìsìkì ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Disk 0 àti Disk 1 lè jọ hàn, fláàṣì yín sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ wo ìwọ̀n: SSD (díìsìkì inú laptop) 256GB máa ń hàn bíi 238GB, fláàṣì 8GB bíi 7GB. Ẹ̀ka yòówù tó bá ṣì kù lórí díìsìkì laptop, ẹ mú un, kí ẹ tẹ "Delete Partition", títí yóò fi ku "Unallocated Space" kan ṣoṣo. Ẹ má pín in fúnra yín, Windows mọ bó ṣe máa pín in. Ẹ tẹ "Next".

Bí kò bá fi díìsìkì kankan hàn, pàápàá lórí Intel ìran kọkànlá sókè, ẹ má rò pé SSD ti kú. Ẹ tẹ "Load Driver", kí ẹ tọ́ka sí fólídà Rapid Storage. Ẹ gbọ́dọ̀ ti tú driver náà síta. Kì í ka fáìlì zip.

Bó bá tún ara rẹ̀ tàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yọ fláàṣì, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì kankan, kó má baà padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì tí kò mọ Wi-Fi, ẹ tún ki fláàṣì bọ̀ ọ́, torí orí rẹ̀ ni driver Wi-Fi wà.

Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ ṣí Settings, System, Activation. Bó bá kọ "Active", àṣẹ yín ti dé. Bí kò bá kọ ọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà, ẹ wò ó bóyá Home ni ẹ fi sí orí ẹ̀rọ tó ní Pro. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí Windows Update ṣiṣẹ́ títí tí kò fi ní rí ohun tuntun mọ́, kí ẹ wá wo Device Manager (àtòjọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ). Ohun tó bá ṣì ní àmì ìyẹ́lò ni kí ẹ padà wá driver rẹ̀ lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop yín.