Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Kernel Linux Nílò Fọ́ńkíṣọ̀n Ìrànwọ́ Tuntun

O ń kọ driver (kóòdù tí kernel fi ń darí ẹ̀rọ kan), o wá rí i pé kmalloc (tó ń gba mẹ́mórì), àyẹ̀wò NULL (bóyá kò rí mẹ́mórì gbà) àti memcpy (tó ń da dátà kọ) ń tẹ̀lé ara wọn níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Má tíì kọ fọ́ńkíṣọ̀n kankan. Wá èyí tó ti wà ná.

Iṣẹ́ tí kóòdù náà ń ṣe ni kí o wá, kì í ṣe orúkọ tó wù ọ́. Ẹni tó bá ń wá copy_buffer kò lè rí kmemdup láé, bẹ́ẹ̀ kmemdup ló so kmalloc àti memcpy pọ̀. Ka string.h, slab.h, overflow.h àti minmax.h nínú include/linux látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà, lo Coccinelle, irinṣẹ́ tó ń wá kóòdù tó jọra. Ìrísí kóòdù ló ń wò, orúkọ variable kò kàn án:

make coccicheck COCCI=scripts/coccinelle/api/memdup.cocci MODE=report

Bí kò bá sí lórí ẹ̀rọ rẹ, fi git grep -n -A6 'kmalloc(' drivers/ wá a, kí o fi grep memcpy sẹ́ ohun tó bá yọ. Á gbé ọ dé ibi tó jìnnà, àmọ́ ojú rẹ ni yóò ṣe ìyókù.

Ká ní kò sí fọ́ńkíṣọ̀n tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á rí kóòdù márùn-ún tó jọra, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kó wọn sínú fáìlì kan, tò wọ́n lé ara wọn, kí o wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá padà bí iṣẹ́ kò bá yọrí. kmemdup ń dá NULL padà. memdup_user, tó ń da dátà kọ láti ọ̀dọ̀ ètò tó ń lo kernel, ń fi àṣìṣe sínú pointer (àdírẹ́sì mẹ́mórì), IS_ERR ló sì ń dá a mọ̀. -ENOMEM (àṣìṣe “mẹ́mórì ti tán”) tó ti di pointer kì í ṣe NULL, ẹni tó bá fi if (!p) yẹ̀ ẹ́ wò á gbà á wọlé bíi mẹ́mórì gidi, ìgbà tó bá sì fọwọ́ kàn án ni kernel á kọsẹ̀. Compiler lè má sọ nǹkan kan. Ìdánwò á kọjá, torí mẹ́mórì kì í sábà tán lórí ẹ̀rọ ẹni tó ń kọ kóòdù. Tan CONFIG_FAILSLAB, kí o fi ipá mú kí kmalloc kùnà.

Ohun kejì ni oorun. kmalloc tó bá gba GFP_KERNEL (àmì tó ń sọ bó ṣe máa wá mẹ́mórì) lè sùn, ìyẹn ni pé ó lè dúró de mẹ́mórì; ẹni tó di spinlock (àgádágodo tí kóòdù mìíràn ń dúró dè láìsùn) mú kò sì gbọdọ̀ sùn. Bí ọ̀kan nínú àwọn kóòdù náà bá ń lo GFP_ATOMIC, tí kì í sùn, fọ́ńkíṣọ̀n rẹ gbọ́dọ̀ gba gfp_t (irú àmì yìí) lọ́wọ́ ẹni tó pè é. Tan CONFIG_DEBUG_ATOMIC_SLEEP pẹ̀lú, á kìlọ̀ bí kóòdù bá sùn níbi tí kò yẹ. Bí o bá rí i pé o nílò páràmítà bool (bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́) méjì kí gbogbo wọn tó lè lò ó, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Fi wọ́n sílẹ̀.

Fọ́ńkíṣọ̀n tí kò dáa ṣòro yọ. Wo strlcpy, tó ń da ọ̀rọ̀ kọ: ó máa ń ka ọ̀rọ̀ tó ń dà kọ dé òpin, kódà bí àyè kò bá gbà á. strscpy, tó rọ́pò rẹ̀, dé ní Linux 4.3 lọ́dún 2015. Ó di 6.8, lọ́dún 2024, kí strlcpy tó kúrò nílẹ̀.

Bí àwọn tó máa pè é kò bá tó mẹ́ta, nínú fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, jẹ́ kó wà ní static (fáìlì yẹn nìkan ló lè rí i) nínú driver rẹ. Bí gbogbo wọn bá wà nínú subsystem (ẹ̀ka kernel) kan, header ibẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ìlà kan tàbí méjì lè jẹ́ static inline; tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fáìlì .c ni, pẹ̀lú EXPORT_SYMBOL_GPL, tó ń jẹ́ kí module lè pè é. Fi scripts/bloat-o-meter wọn bí vmlinux (fáìlì kernel tí a ti kọ́ tán) àtijọ́ àti tuntun ṣe tóbi tó.

Wọn kì í gba fọ́ńkíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò lò nínú kernel fúnra rẹ̀. Patch (àkójọ àyípadà) kìíní á gbé e wọlé, àwọn tó kù á yí àwọn tó ń pè é padà, scripts/get_maintainer.pl á sọ ẹni tí o máa fi ránṣẹ́ sí. Kó o tó fi ránṣẹ́, wo git diff --stat: bí ìlà tí o yọ kò bá ju èyí tí o fi kún un lọ, dá a dúró.