Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú pípín pákẹ́ẹ̀tì sórí àwọn ìlà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Bí sáfà Linux bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, tí pákẹ́ẹ̀tì sì ń dànù, ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n sáré lọ fi `ethtool -L` kún iye ìlà ìgbàwọlé (rx queue, ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ń tò sí kí CPU tó mú wọn). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níbí ló ti inú ohun kan ṣoṣo tí a máa ń gbàgbé jáde: káàdì kì í pín pákẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìsopọ̀ ló ń pín. Gbogbo pákẹ́ẹ̀tì tó bá jẹ́ ti ìsopọ̀ kan náà, ìlà kan náà ni wọ́n ń bọ́ sí.

Ìdí wà fún un. Bí pákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bá wà lọ́wọ́ CPU 0, tí èkejì wà lọ́wọ́ CPU 5, èkejì lè ṣáájú, TCP á sì rò pé èyí àkọ́kọ́ ti sọnù. Nítorí náà, káàdì máa ń mú àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́, àdírẹ́sì ẹni tó ń gbà á, àti pọ́ọ̀tù àwọn méjèèjì, á fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣe ìṣirò Toeplitz lé wọn lórí, nọ́ńbà kan, tí à ń pè ní háàṣì, á sì jáde. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì, bíìtì 7 tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn ló ń tọ́ka sí ọ̀kan nínú ojú-àyè 128 tó wà nínú àtẹ káàdì. Ojú-àyè yẹn ló ń sọ ìlà tí pákẹ́ẹ̀tì náà máa gbà. Ẹ tẹ `ethtool -x eth0`, ẹ ó rí àtẹ náà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ìlà bá jẹ́ 8, ìlà kọ̀ọ̀kan á ní ojú-àyè 16.

Ẹ má retí kí ìsopọ̀ kan ṣoṣo tàn ká

Ẹnìkan á máa fi rsync gbé bákọ́ọ̀pù lóru, á rí i pé CPU kan ti kún dé 100% nígbà tí àwọn tó kù jókòó lásán, ló bá sọ iye ìlà di 32. Kò sí ohun tó máa yí padà. Ìsopọ̀ TCP kan ni rsync yẹn, ìlà kan náà ló máa wà títí tó fi máa parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń fi iperf3 dán káàdì rẹ̀ wò láìfi `-P` (iye ìsopọ̀) sí i. Kódà bí ẹ bá fi `-P 8` sí i, ẹ wo irú iperf3 tí ẹ ní: èyí tó bá ṣáájú 3.16, thread kan ṣoṣo (ọwọ́ iṣẹ́ kan, tí CPU kan péré ń gbé) ló fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni nǹkan há sí lọ́wọ́, tí ẹ ń dá káàdì lẹ́bi.

Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù ni pé ìsopọ̀ ńlá mélòó kan náà lè pàdé lójú kan. Ẹ mú ìsopọ̀ ńlá 4, ẹ fún wọn ní ìlà 8. Lójú lásán, àyè pọ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 8 × 7 × 6 × 5, kí ẹ pín in sí 4096. Ìgbà 41 péré nínú 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ní ìlà tirẹ̀. Nínú àwọn ìgbà tó kù, ó kéré tán méjì nínú wọn á jọ wà lórí ìlà kan. Káàdì kò bàjẹ́, dráífà kò sì ní àléébù. Bí háàṣì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹrù bá wúwo tó bẹ́ẹ̀, ẹ pín in sí ìsopọ̀ púpọ̀, tàbí kí ẹ fi òfin tààrà darí rẹ̀ bí káàdì yín bá gbà á: `ethtool -N eth0 flow-type tcp4 dst-port 873 action 3` á gbé ohun tó ń bọ̀ wá sí rsync daemon lọ sí ìlà 3.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan iye ìlà rárá, ẹ wo `ethtool -S eth0` kí ẹ rí iye pákẹ́ẹ̀tì tó wọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo òpó `%soft` nínú `mpstat -P ALL 1`, kí ẹ sì wo `/proc/net/softnet_stat`. Nínú fáìlì yìí, CPU kọ̀ọ̀kan ní ìlà ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nọ́ńbà kejì sì ni iye pákẹ́ẹ̀tì tó dànù. Ẹ rántí pé hexadecimal (ìkà onímẹ́rìndínlógún) ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ má gbàgbé UDP

Ibí yìí ló ń dùn mí jù, torí àwọn sáfà DNS (tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́sì) àti VXLAN (tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì kan sínú pákẹ́ẹ̀tì UDP mìíràn) ló ń jìyà rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í wo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ dráífà, pàápàá ti Intel, kì í wo pọ́ọ̀tù bó bá jẹ́ UDP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí kì í dá ìsopọ̀ sílẹ̀ bíi TCP. Àdírẹ́sì méjèèjì nìkan ni wọ́n ń lò. Bí load balancer kan (ẹ̀rọ tó ń pín ìbéèrè sórí àwọn sáfà) bá wà níwájú sáfà DNS yín, tó ń fi àdírẹ́sì tirẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, gbogbo ìbéèrè ayé máa bọ́ sórí ìlà kan ṣoṣo. VXLAN tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. RFC 7348 ní kí a fi háàṣì pákẹ́ẹ̀tì inú ṣe pọ́ọ̀tù tí a fi ń ránṣẹ́, kí ẹrù inú rẹ̀ lè pín dáadáa. Káàdì tí kò wo pọ́ọ̀tù ti sọ iṣẹ́ yẹn dòfo.

Ẹ tẹ `ethtool -n eth0 rx-flow-hash udp4`. Bí kò bá dárúkọ pọ́ọ̀tù, ẹ tẹ `ethtool -N eth0 rx-flow-hash udp4 sdfn`. Ẹ ṣe `udp6` náà lọ́tọ̀, kò ní tẹ̀lé udp4 fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ìdí tí àwọn tó kọ dráífà fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: bí pákẹ́ẹ̀tì UDP bá tóbi tó fi gé sí wẹ́wẹ́, ègé àkọ́kọ́ nìkan ló ní pọ́ọ̀tù. Àwọn ègé tó kù lè gba ìlà mìíràn kí wọ́n sì dé láìtò. Bí iṣẹ́ yín bá kún fún irú ègé bẹ́ẹ̀, ẹ dán an wò kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Iye ìlà, CPU àti nọ́ńbà máàsìkì

Ìlà púpọ̀ jù ń mú interrupt (ìpè tí káàdì fi ń dá CPU dúró kó wá gba pákẹ́ẹ̀tì) pọ̀ sí i láìsí èrè. Ìwé kernel (ọkàn Linux) fúnra rẹ̀ ní hyperthread (core CPU kan tó ń ṣe bíi méjì) kò ṣe àǹfààní kankan fún interrupt nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe, nítorí náà kí iye ìlà má ju iye core gidi lọ. Ẹ tún wo `/sys/class/net/eth0/device/numa_node`, kí ẹ fi àwọn CPU tó wà ní node (apá ẹ̀rọ tí CPU àti mẹ́mórì wọn jọ wà) káàdì náà ṣáájú.

Àwọn kan á jókòó pín interrupt lọ́wọ́, wọn ò pa irqbalance (ètò tó ń pín interrupt sórí CPU fúnra rẹ̀), òun náà á sì tún gbogbo rẹ̀ pín lẹ́yìn wọn. Ẹ yan ọ̀kan.

Máàsìkì, nọ́ńbà tó ń sọ CPU tó máa gba interrupt, náà ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ CPU 4 á kọ `4` sínú `smp_affinity`. CPU 2 nìkan ló gbà yẹn, nítorí bíìtì ni wọ́n ń kà níbẹ̀. CPU 4 jẹ́ `10` ní hexadecimal. CPU 0 dé 3 jẹ́ `f`. Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kà á, `smp_affinity_list` ni kí ẹ lò.

RPS kì í ṣe àfikún agbára

RPS (Receive Packet Steering) wọ Linux 2.6.35 ní 2010. Kernel ló ń fi í ṣe ohun tí káàdì ń ṣe. Bí CPU kọ̀ọ̀kan bá ti ní ìlà tirẹ̀ lórí káàdì, títan RPS á kàn máa ju iṣẹ́ láti CPU kan sí òmíràn lásán ni. Ó wúlò níbi tí káàdì kò ti lè ka ohun tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì. Àpẹẹrẹ tó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kéékèèké mọ̀ ni PPPoE (ọ̀nà tí oníbàárà fi ń wọlé sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn): ọ̀pọ̀ káàdì kò mọ IP tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kó pákẹ́ẹ̀tì gbogbo oníbàárà sí ìlà 0. Kernel ní tirẹ̀ lè kà á, nítorí náà ẹ kọ `fe` sínú `/sys/class/net/eth0/queues/rx-0/rps_cpus`, CPU 1 dé 7 á gbé iṣẹ́ náà. Máàsìkì náà nìyẹn o.

Lórí ẹ̀rọ àfojúrí KVM, ẹ má wá ìlà nínú guest (ẹ̀rọ àfojúrí náà) nìkan. Host (ẹ̀rọ gidi tó gbé e) gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un, pẹ̀lú `queues='4'` nínú libvirt, ètò tó ń darí ẹ̀rọ àfojúrí.

Ẹ má yí i padà lọ́sàn-án gangan

Lórí ọ̀pọ̀ dráífà, `ethtool -L` máa ń tún káàdì gbé dìde, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ọwọ́ tún àtẹ ṣe, tí ẹ wá fẹ́ dín ìlà kù, kernel lè kọ̀ jálẹ̀ torí àtẹ ṣì ń dárúkọ ìlà tí ẹ fẹ́ yọ. `ethtool -X eth0 default` ló máa tú u sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí ẹ fi ethtool ṣe ló máa parẹ́ tí sáfà bá kú tó sì tún tàn. Iye ìlà lè wọ fáìlì `.link` ti systemd, pẹ̀lú `CombinedChannels=`. Ti háàṣì UDP àti ti RPS, ẹ kọ wọ́n sínú service kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí káàdì bá ti dìde, kí ẹ sì tún sáfà náà tàn lóru ọjọ́ kan tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, kí ẹ rí i pé `ethtool -n` ṣì ń dá yín lóhùn bó ṣe yẹ.