Ẹnu Ta Ni Ọ̀rọ̀ Yìí Ti Jáde? Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Mi Ní Àmì Àyọlò

Ìwé àròkọ 34 ni mo gbé lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì kan ní sáà kejì. Pírámárì 5 ni mò ń kọ́ ní Ìkéré-Èkìtì, orí ọ̀rọ̀ tí mo sì fún wọn ni “Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sí ọjà”. Àwọn ọmọ yìí mọ ìtàn sọ. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni pé n kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe kọ tirẹ̀ nìyí:

Màámi ní èló ni iṣu yìí ìyá oníṣu ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni màámi ní háà ó ti wọ́n jù mo ní ẹ jẹ́ ká lọ ó ní dúró ná èló lẹ máa san

Ta ló ní “dúró ná”? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kó tó yé mi. Kò sí oníṣu tí yóò sọ “dúró” fún oníbàárà rẹ̀ láì fi “ẹ” síwájú rẹ̀, nítorí náà ìyá ló ń bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n “èló lẹ máa san”, ẹnu oníṣu nìyẹn ti wá. Ẹnu méjì ló há sínú “ó ní” kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo kọ òfin márùn-ún sójú pátákó lórí àmì àyọlò, ìyẹn àmì “ ” tí a fi ń yí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu èèyàn jáde ká, wọ́n dà á kọ, a sì kọjá síbi ìṣirò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àmì àyọlò ti fọ́n káàkiri inú ìwé wọn bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Ọmọ kan tiẹ̀ fi àmì yí “màámi ní” náà ká. Wọ́n ti mọ bí àmì ọ̀hún ṣe rí. Wọn kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀bi tèmi ni.

Mo pa pátákó tì, mo pa àlọ́. Mo ní kí ọmọ kan máa pìtàn, kí òmíràn ṣe Ìjàpá, kí ẹnìkẹta ṣe Yánníbo aya rẹ̀. Mo wá mú àwọn méjì mìíràn, mo ní kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí wọ́n ká apá wọn kò bí ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra. Àwọn ni àmì. Bí apìtàn bá ti sọ pé “Ìjàpá ní”, ó gbọ́dọ̀ panu mọ́. Ìjàpá á wá bọ́ sáàárín apá méjèèjì, á sọ tirẹ̀, á sì jáde. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ti apìtàn fúnra rẹ̀ wọ àárín wọn kí n lè wò ó. Gbogbo kíláàsì pariwo lé e lórí pé kó jáde, ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti ń wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó jẹ́ kí wọ́n ṣí ìwé. Mo ní kí wọ́n fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tó jáde lẹ́nu èèyàn nìkan, kí wọ́n má tíì fi àmì kankan sí i.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ló tẹ̀ lé e. Mo kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó: Ìjàpá ní mo jẹ ẹran náà. Mo bi wọ́n pé, “Ta ló jẹ ẹran?” Àwọn kan ní Ìjàpá ni. Àwọn kan ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ni, ó parọ́ mọ́ yín!” Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. A jọ tò ó sílẹ̀:

Ìjàpá ní, “Mo jẹ ẹran náà.” Òun ló jẹ ẹ́, ó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.
Ìjàpá ní òun jẹ ẹran náà. Òun náà ló jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń bá a sọ ọ́.
Ìjàpá ní ó jẹ ẹran náà. Ó ń nàka sí ẹlòmíràn.
Ìjàpá ní mo jẹ ẹran náà. Èmi tí mò ń kọ̀wé ló ń nàka sí.

Odindi wákàtí kan la lò lórí èyí, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ìyàtọ̀ “mo” àti “òun” létí kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún sọ ibi tí àmì yóò wà fún un.

“Pé” náà dá ìṣòro sílẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti kọ́ wọn pé bí “that” bá ti wọlé, àmì àyọlò gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n wá gbé òfin yẹn wọ inú Yorùbá. Ṣùgbọ́n “pé” tiwa kò lé ẹnikẹ́ni jáde: “Ó bi mí pé, ‘Ṣé o ti jẹun?’” dára, “Ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun” náà dára. Mo ní kí wọ́n fi “pé” sílẹ̀, kí wọ́n wo “o” àti “mo”. Àmì ìbéèrè wà nínú ti àkọ́kọ́ torí pé ìbéèrè ló ti ẹnu jáde. Èkejì kò ní in.

Lórí kọ́mà àti lẹ́tà ńlá, ọmọkùnrin kan ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, “Àǹtí, kò sí àmì yìí nínú Bíbélì ilé wa o.” Òótọ́ ló sọ. Bíbélì Yorùbá àtijọ́, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, kò lo àmì àyọlò. Mo ní kó mú un wá. A rí i pé lẹ́yìn “wipe”, kọ́mà ló wà, lẹ́tà ńlá ló sì tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ti ń dá iṣẹ́ náà ṣe tipẹ́, àmì àyọlò kàn wá bá wọn níbẹ̀ ni.

Ọmọ mìíràn kọ ọ́ pé ìyá àgbà rẹ̀ ní, “Máa lọ sí ilé.” Mo bi í bóyá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ulé ni wọ́n pè é. Mo ní kó kọ ulé, nítorí ẹnu ìyá àgbà ló wà láàárín àmì yẹn. Kó kọ ilé níbi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti ń pìtàn. Inú mi dùn sí i ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn ọmọ wa ti ń fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì sílẹ̀ nílé, inú àmì àyọlò nìkan ni mo ti lè sọ fún wọn nínú kíláàsì pé kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí.

N kò fi àkókò ṣòfò lórí fífi orúkọ olùsọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọ̀rọ̀, bíi: “Dúró ná,” ni màámi wí. Àwa kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ tó kọ ìtàn oníṣu yẹn tún tirẹ̀ kọ, olùsọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀:

Màámi ní, “Èló ni iṣu yìí?”
Ìyá oníṣu ní, “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni.”
Màámi ní, “Háà! Ó ti wọ́n jù.”
Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ.”
Màámi ní, “Dúró ná.”
Ìyá oníṣu ní, “Èló lẹ máa san?”

N kò sọ fún un pé kó pín “dúró ná” kúrò lára èkejì. Òun ló rí i.

Àwọn méje ṣì máa ń gbàgbé àmì tó ń pa ọ̀rọ̀ dé. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń ka ìwé wọn sókè ní ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, láì yí ohùn padà, títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi nawọ́ sókè pé, “Àǹtí, ẹ dúró, ìyá àgbà ti sọ̀rọ̀ tán.”