Bí ọ̀kadà ṣe lè dún dáadáa látibi tó ti ń mí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Boxer 100 ni mò ń gùn, ohùn ẹ̀ ti rọ̀ jù, mo fẹ́ kó máa bú díẹ̀ tí n bá fún un níná. Àwọn kan ní kí n lọ gé sàléńsà, àwọn kan ní kí n kàn yọ ẹ́à fílítà dànù. Èwo ni kí n ṣe níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, má ṣe ìkankan. Tóo bá gé sàléńsà, ẹ̀yìn lariwo ń gbà jáde, ará àdúgbò àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ọmọ sùn ló máa gbọ́ ọ jù ẹ́ lọ. Fílítà ńkọ́, òun nìkan ló wà láàárín eruku títì àti písítìnì ẹ. Ohùn tóo ń wá yẹn, iwájú fílítà ló wà. Ọ̀pọ̀ máṣìnì ló ní àpótí oníke kan lábẹ́ ìjókòó tàbí lẹ́yìn kọ́fà ẹ̀gbẹ́, inú ẹ̀ ni fílítà wà, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ àpótí yẹn ni wọ́n máa ń fi rọ́bà tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí bí ẹnu ìgò, torí kó lè dín ariwo kù ni. Ẹ́ńjìnì four-stroke onísílíńdà kan, ẹ̀ẹ̀kan ló ń fa atẹ́gùn nínú ìyípo méjì, tó bá ń yípo nígbà 6,000 ní mínìtì kan, ìgbà 3,000 ló ń fa atẹ́gùn, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, fífà yẹn gan-an ló ń dún gùùù, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Yọ ẹnu yẹn, fi fílítà sílẹ̀ níbi tó wà, dá kọ́fà padà, gùn ún. Má gé e o, yọ ọ́ ni kóo yọ ọ́ kóo sì tọ́jú ẹ̀, torí tí òjò bá dé o lè fẹ́ dá a padà. Tó bá jẹ́ pé ó lẹ̀ mọ́ àpótí, ihò kan ṣoṣo tó tó ìka àtàǹpàkò ti tó, kó wà lókè níbi tí omi ò ti ní ta sí i, kó sì wà lápá tí atẹ́gùn ò tíì dé fílítà. Jọ̀ọ́ ṣọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa, ihò tó bá bọ́ sáàárín fílítà àti kabúrétọ̀ (ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀), ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé ò ní kan fílítà rárá.

Ìbéèrè: Mo ti yọ ọ́ sà. Mo sítáàtì ẹ̀, mo tẹ́tí, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Àbí mi ò yọ ọ́ dáadáa ni?

Ìdáhùn: O yọ ọ́ dáadáa, orí sílóò, ìyẹn ìgbà tó kàn ń ṣiṣẹ́ lójú kan láìfún un níná, lo ti ń tẹ́tí ni. Tóò bá tíì fún un níná, ìlẹ̀kùn inú kabúrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà tán, ohùn náà ò ríbi gbà jáde. Gbé e dé títì tó dá, jíà kẹta, kó máa lọ jẹ́jẹ́, kóo wá ṣí iná tán, abẹ́ itan ẹ ló ti máa bú. Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn irú ohùn yìí ju ti sàléńsà lọ nìyẹn, ìgbà tóo bá pè é nìkan ló ń dáhùn, tóo bá wọ àdúgbò tóo dín iná kù ó ti dákẹ́.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, bàbá àgbà ni mí o, Ìbàdàn ni mo wà. Mo yọ tèmi, mo tún lu ihò mélòó kan sí àpótí ẹ̀. Ohùn dé lóòótọ́, àmọ́ tí n bá ṣí iná lójijì á kọ́kọ́ kọ́ gbì kó tó gbéra, agbára ẹ̀ náà dín kù lórí eré. Mo wá fa ṣóòkù díẹ̀, ló bá ń lọ geere. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìrìn sà. Ṣóòkù tẹ́ ẹ fà yẹn ti sọ ọ́, epo ò tó. Ṣóòkù ń dí atẹ́gùn, tí ẹ́ńjìnì bá wá ń dáa sí i nígbà tẹ́ ẹ dí atẹ́gùn, á jẹ́ pé atẹ́gùn ló pọ̀ ju epo. Kílò epo kan, bíi kílò atẹ́gùn 14.7 ló fẹ́ kó tó lè jó tán dáadáa, kabúrétọ̀ ò sì ní ọpọlọ tó máa fi wọ̀n ọ́n, bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fà ni epo ṣe ń jáde lójú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀. Àpótí tó dí díẹ̀ yẹn wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣírò jẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ṣí i sílẹ̀, fífà yẹn dẹ̀, epo dín kù, atẹ́gùn lé sí i.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan o, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò ná. Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́ ṣe pàtàkì: ẹ wá títì tó gùn tí mọ́tò ò sí lẹ́yìn yín, ẹ fún un níná dáadáa, ẹ wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ sì pa ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan náà, kó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tutù kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó máa sílóò délé, àwọ̀ sílóò lẹ máa rí. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa. Tó bá funfun báláú, epo ò tó, ẹ má gùn ún lọ ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ torí ooru lè ba písítìnì jẹ́. Tó bá dúdú kirikiri, epo ló pọ̀ jù, ẹ wo fílítà bóyá ó ti dí.

Tó bá funfun, ibi tó ti ń kọ́ lẹ máa tọ́jú. Tó bá ń kọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí iná, súkúrúù kékeré ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀ ni, ẹ rọra yí i wọlé kẹ́ ẹ máa ka ìyípo ẹ̀ títí á fi dúró, ẹ kọ iye ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ọ̀nà padà, kẹ́ ẹ wá dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Èyí tó bá wà lápá ẹ́ńjìnì, epo ló ń darí, ẹ yí i jáde kí epo lè pọ̀. Èyí tó bá wà lápá fílítà, atẹ́gùn ló ń darí, ẹ yí i wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á máa yí i síbi tí kò yẹ, wọ́n á ní kabúrétọ̀ ti bà jẹ́. Tó bá jẹ́ àárín ló ti ń kọ́, kílíìpù wà lára abẹ́rẹ́ inú ẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sójú kan, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á wá. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ ṣí i tán ni, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, tó bá jẹ́ 90 ẹ wá 92 tàbí 95, ẹ má fò lọ sí 110 torí pé òun ni wọ́n ní ní ìsọ̀. Ẹ ṣe ẹyọ kan, ẹ gùn ún, ẹ tún wo púlọ́ọ̀gì.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi yọ àpótí yẹn dànù pátápátá, ó fi fílítà ṣónṣó kan sẹ́nu kabúrétọ̀. Ó ń bú ramúramù lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò lágbára tó bá gbé èrò gun òkè, tí òjò bá rọ̀ á kú, ọ́ìlì sì ń kán sára ẹ́ńjìnì.

Ìdáhùn: Ẹ lọ wá àpótí yẹn padà kó tó kúrò ní ìsọ̀ ẹ̀. Ọ́ìlì tó ń kán yẹn, ẹ wo páìpù rọ́bà kan tó ti inú ẹ́ńjìnì wá, inú àpótí ló máa ń wọ̀ kí ẹ́ńjìnì lè máa mí síbẹ̀, ní báyìí ó ti rọ̀ dirodiro, ó ń pọ ọ́ìlì jáde, ó sì lè máa fa eruku wọlé. Òjò ńkọ́, ìhòòhò ni fílítà wà, omi tí táyà ń ta sókè ló ń fà. Agbára tó sọnù tó bá ń gun òkè, àyè inú àpótí yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn wà nílẹ̀ dè é. Ariwo tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kì í ṣe agbára.

Ìbéèrè: Tí n bá dín iná kù tí mò ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ó ń yìnbọn nínú sàléńsà.

Ìdáhùn: Gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí sàléńsà ti wọ ẹ́ńjìnì ni kóo kọ́kọ́ wò. Tí ìyẹn bá dáa, wo rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, ó máa ń sán. Po ọṣẹ mọ́mi, fi í síbẹ̀ nígbà tó bá ń sílóò, tí ohùn ẹ̀ bá yí padà, o ti rí i.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sínú ẹ̀ dípò fílítà?

Ìdáhùn: Rárá o! Ihò fóòmù bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ti fílítà, ó sì máa ń já wẹ́wẹ́ tí epo bá ti ń kàn án, kabúrétọ̀ á gbé e mì. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, eruku yẹn á máa họ sílíńdà, ríìngì ara písítìnì á jẹ, èéfín búlúù á bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì á máa gbẹ. Tí tiẹ̀ bá jẹ́ onífóòmù, fi kẹrosínì fọ̀ ọ́, má fi pẹtiróòlù, fi ọṣẹ ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ, ta ẹ́ńjìnì ọ́ìlì díẹ̀ sí i, fún un dáadáa. Tó bá jẹ́ onípépà, omi àti ọ́ìlì ò gbọdọ̀ kàn án, fẹ́ atẹ́gùn sí i látinú bọ̀ síta, tó bá ti dúdú jù, ra tuntun.

Ìbéèrè: Tèmi ò ní kabúrétọ̀, injector ni, kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún un. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ yọ, ẹ má lu ihò. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ lè tún epo ṣe díẹ̀, àmọ́ kò ní jẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ tó bá kọjá agbára ẹ̀.