Sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà pọ̀, purotéènì awọ sẹ́ẹ̀lì kò hàn

Ìbéèrè: Mo ki jíìnì purotéènì awọ sẹ́ẹ̀lì bọ inú Pichia pastoris (irú ìwúkàrà kan), AOX1, ìyẹn promoter tí methanol máa ń ṣí, ló ń darí rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi fún un ní methanol ní 30°C. Sẹ́ẹ̀lì pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n Western blot (ìdánwò tí a fi ń wá purotéènì kan pàtó) kò fi nǹkan kan hàn àfi àbàwọ́n kan ní òkè jẹ́ẹ̀lì. Ṣé jíìnì ni kò wọlé?

Ìdáhùn: Àbàwọ́n yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ sè é ní 95°C kí ẹ tó gbé e sórí jẹ́ẹ̀lì? Ọ̀pọ̀ purotéènì irú èyí máa ń ṣù pọ̀ bí iná bá kàn án, kò sì ní lè wọ inú jẹ́ẹ̀lì. 37°C fún 30 ìṣẹ́jú ti tó. Ẹ tún jẹ́ẹ̀lì náà ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Bí kò bá tún hàn, ẹ wo glycerol. Bí ó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, AOX1 kò ní ṣí. Ẹ da BMGY (omi oúnjẹ tó ní glycerol) nù tán kí ẹ tó tú sẹ́ẹ̀lì sínú BMMY (èyí tó ní methanol), kí ẹ sì máa bu methanol 0.5% sí i lójoojúmọ́, torí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ ẹ́, òun náà sì ń fẹ́ lọ. Nínú ìgò lítà kan, 200 ml ni kí ó pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì kì í lè jẹ methanol láìsí atẹ́gùn.

Ìbéèrè: Ó ti hàn o, ṣùgbọ́n DDM, ọṣẹ tí mo lò, kò yọ ọ́ kúrò lára awọ.

Ìdáhùn: A jẹ́ pé purotéènì náà kò ká dáadáa sí ìrísí rẹ̀. 30°C yá jù fún un. Ẹ sọ̀ ọ́ sí 20 sí 22°C lẹ́yìn tí methanol bá ti wọlé, kí ẹ fi DMSO 2.5% (kẹ́míkà tó lè ràn án lọ́wọ́ láti ká) kún un. Ẹ so GFP (purotéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé) mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí ó bá tàn bí òrùka tín-ín-rín létí sẹ́ẹ̀lì, ó ti dé ibi tó ń lọ. Bí òrùka náà bá yí nucleus (ibi tí DNA wà) ká, inú ER, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì awọ, ló há sí. Bí ó bá jẹ́ àpò ńlá kan ló ń tàn, ẹ má yọ̀: vacuole, àpò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń da nǹkan, ti jẹ purotéènì náà tán, GFP nìkan ló ṣẹ́ kù, ẹ ó sì rí i ní 27 kDa (ìwọ̀n GFP fúnra rẹ̀) lórí jẹ́ẹ̀lì. SMD1163, irú Pichia tí kò ní pep4 (jíìnì tí vacuole fi ń jẹ purotéènì), ni kí ẹ lò nígbà náà.

Ní ti ọṣẹ, ẹ fi CHS 0.2% (ohun tó jọ cholesterol) kún DDM 1%, ní 4°C fún wákàtí méjì. Ergosterol ni ìwúkàrà ní, kò ní cholesterol, àwọn purotéènì ènìyàn kan sì wà tí kì í lè dúró láìsí cholesterol.