Bí ẹ ṣe lè ka èsì DNA yín lórí àrùn rheumatoid arthritis

Nínú àrùn rheumatoid arthritis, ètò tó ń dáàbò bo ara ló ń bá oríkèé ara ẹni jà, tí oríkèé fi ń wú. Kí ẹ tó ṣí fáìlì DNA kankan, ìyẹn èsì tí ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò DNA fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé. Ta ni oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ ń wú, tó sì ń le láàárọ̀ fún ohun tó ju 30 ìṣẹ́jú lọ? Orúnkún tó ń dunni nítorí ọjọ́ orí kọ́ là ń wá o. Bó bá jẹ́ òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ yín ló ní in, ewu tiyín tó ìlọ́po 3 sí 5 ti ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé yóò mú yín dandan: nínú ìwádìí kan ní Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn ìbejì tó jọra délẹ̀, bí ọ̀kan bá ní in, èkejì ní in ní nǹkan bí 15 nínú 100.

Nínú fáìlì náà, ẹ wá rs2476601, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ojú kan mọ̀ lára DNA. Inú PTPN22 ló wà, ọ̀kan lára àwọn jíìnì, ìyẹn àwọn ẹ̀ka DNA tó ń darí iṣẹ́ ara. Lẹ́tà méjì lẹ máa rí níbẹ̀, A sì ni ẹ̀dà eléwu: GG kò ní in, AG ní ọ̀kan, AA ní méjì. Bí ìwé ìwádìí bá pe ẹ̀dà náà ní T, ẹ má dààmú. Okùn DNA ní apá méjì tó dojú kọra; apá kejì ni wọ́n kà, A yẹn náà ni.

Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ má fi GG sùn. Ẹ̀dà A wọ́pọ̀ lára àwọn ará Yúróòpù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ inú DNA àwọn èèyàn. GG ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa, àrùn náà sì ń mú wa.

Jíìnì HLA-DRB1 ló lágbára jù nínú ewu àrùn yìí, fáìlì olówó pọ́ọ́kú kì í sì í sábà kà á dáadáa. HLA typing, àyẹ̀wò tó ń ka irú ẹ̀dà jíìnì yìí tí ẹ ní, ni kí ẹ béèrè, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì pé mẹ́rin. Bí èsì bá dúró lórí 04 nìkan, kò wúlò: 04:01, 04:04 àti 04:05 léwu, 04:02 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn 01:01 àti 10:01 náà wà lára àwọn eléwu. Ẹni tó bá ní irú wọn, kó jìnnà sí sìgá pátápátá, nítorí àpapọ̀ àwọn méjèèjì ń sọ ewu di púpọ̀ gan-an.

Bí oríkèé bá ti ń wú ní tòótọ́, ẹ pa DNA tì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ RF àti anti-CCP (tó ń wá àmì àrùn náà), pẹ̀lú ESR àti CRP (tó ń wá àmì wíwú nínú ara) ni dókítà nílò; DNA kò sí lára òṣùwọ̀n ọdún 2010 tí wọ́n fi ń dá àrùn náà mọ̀. Ẹ má ra prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú kù, ní kẹ́mísì ṣáájú o, torí ó lè bo wíwú náà mọ́lẹ̀, kí dókítà má rí i. Bí wọ́n bá kọ methotrexate, oògùn àrùn yìí, fún yín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó lè pa á. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá.