Ó Wọ Sọ́kẹ́ẹ̀tì, Àmọ́ Ṣé Ó Bá Ẹ̀rọ Mu? Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Pààrọ̀ Túùbù Ámípílífáyà Àtijọ́

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé 6V6, 6L6, EL34 àti KT88, ìyẹn oríṣi túùbù (ìgò oníná tó ń mú kí ohùn rinlẹ̀ nínú ámípílífáyà àtijọ́), sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́jọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Èèyàn á fa ti inú ẹ̀rọ yọ, á ki òmíràn bọ̀ ọ́, túùbù á tàn, orin á dún, ó di pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Hítà, ìyẹn wáyà tó ń gbóná nínú túùbù, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Fólítì 6.3 ni gbogbo wọn ń lò, àmọ́ iná tí wọ́n ń fà kò dọ́gba: 6V6 kan ń fa ámpíà 0.45, 6L6GC (irú 6L6 kan) ń fa 0.9, EL34 ń fa 1.5, KT88 ń fa 1.6. Ká ní 6V6 méjì ló wà nínú ẹ̀rọ yín, 0.9 ni àwọn méjèèjì ń fà. Ẹ fi EL34 méjì rọ́pò wọn, ó di 3. Ámpíà 2.1 lẹ dì lé tiransífọ́mà tí wọn ò wé fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí.

Kì í sì í jó lójú ẹsẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Orin dún dáadáa fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí òórùn ọ̀dà gbígbóná tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo fọwọ́ kan tiransífọ́mà, kò ṣeé fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọn hítà, 6.3 ti di 5.6. Mo yára pa á, àmọ́ èèpo wáyà inú rẹ̀ ti jó, mi ò sì rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ túùbù ló tún kàn. Ẹsẹ̀ kìíní EL34 ni gírììdì kẹta (gírììdì ni àwọ̀n wáyà inú túùbù), ó sì gbọ́dọ̀ so mọ́ ẹsẹ̀ kẹjọ, ìyẹn kátóòdù, ẹ̀yà tí hítà ń mú gbóná. 6L6GC kò fi ẹsẹ̀ kìíní ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ihò tó ṣófo yẹn ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ láyé ọjọ́un máa ń de rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Fender, rẹsísítọ̀ óòmù 1,500 tó ń lọ sí gírììdì kìíní, láti ẹsẹ̀ kìíní dé ìkarùn-ún ló wà. Bí ẹ bá ki EL34 bọ ibẹ̀ láìtún un ṣe, fólítì òdì tí wọ́n ṣe fún gírììdì kìíní á tún máa lọ sí gírììdì kẹta. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, kí ẹ fojú tọ wáyà ẹsẹ̀ kìíní títí dé ibi tó parí sí. Ẹ má gba àwòrán inú ìwé nìkan gbọ́. Ọwọ́ púpọ̀ lè ti kan ẹ̀rọ àtijọ́ ṣáájú yín.

Ẹ má fi báyáàsì, ìyẹn fólítì òdì tó ń pinnu bí iná tó ń gba inú túùbù kọjá ṣe máa pọ̀ tó, sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a. Ká ní fólítì 420 ló wà lórí páànù túùbù, ìyẹn irin tó ń gba iná nínú rẹ̀; wáàtì 25 ni EL34 lè gbà. Ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ibi tí ẹ máa fi mọ sí, jẹ́ wáàtì 17.5. Ẹ fi 420 pín in, ẹ ó rí nǹkan bíi mílíámpíà 42 fún túùbù kọ̀ọ̀kan. 6L6GC tó lè gba wáàtì 30 á fún yín ní 50. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wò ó: bí páànù bá ń pọ́n, ẹ pa ẹ̀rọ kíá.

Tiransífọ́mà sípíkà, ìyẹn èyí tó wà láàárín túùbù àti sípíkà, náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. 6V6 méjì ń fẹ́ nǹkan bí óòmù 8,000, 6L6 méjì ń fẹ́ bí ìlàjì rẹ̀. Ẹ má sì tan ẹ̀rọ láìso sípíkà mọ́ ọn láé.

Ní ti ẹ̀mí yín: bí ẹ tilẹ̀ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kàpásítọ̀ inú rẹ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) ṣì lè di fólítì tó ju 400 mú. Ẹ má fi sùkúrúdiráífà so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ láti tú iná inú rẹ̀ o. Rẹsísítọ̀ óòmù 10,000 tó nípọn, tí wáyà rẹ̀ wà nínú èèpo, ni kí ẹ fi tú u, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ tó wọlé.

Ẹ má lu ihò tuntun sára irin ẹ̀rọ náà. Gbogbo rẹsísítọ̀ àti kàpásítọ̀ tí ẹ bá yọ, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan, kí ẹ kọ ibi tí kálukú ti wá sára rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ.